Gbogbo Wa Ni Ẹ̀fọn Ń Jẹ, Ọmọ Tálákà Ni Ibà Ń Pa

Nínú gbogbo ẹni mẹ́wàá tí ibà pa lágbàáyé lọ́dún 2023, mẹ́ta jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ló ṣírò rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni 597,000 ni ibà rán sọ́run lọ́dún náà, ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló kú sí ilẹ̀ Áfíríkà, orílẹ̀-èdè tiwa nìkan sì kó nǹkan bí ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí a bá tún wo àwọn tó kú ní Áfíríkà yìí, ó lé ní mẹ́ta nínú mẹ́rin tí kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún.

Bí a bá gbọ́ pé ibà ló pa ọmọ kan ládùúgbò, a ó lọ bá àwọn òbí rẹ̀ kẹ́dùn, a ó ní Ọlọ́run tó fún wọn ló gbà á, a ó sì gbàdúrà pé kí òmíràn wá. A kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí iṣẹ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ló sọ pé bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ohun tí a sì ń rí ni pé ikú yìí kì í ṣàdédé já lu ilé. Ó mọ ilé tí kò ní àjà. Ó mọ abúlé tí ọ̀nà rẹ̀ kì í ṣeé gbà lásìkò òjò, ó sì mọ ìyá tí kò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ẹ̀fọn ló ń gbé kòkòrò ibà kiri, òótọ́ ni. Ipò tí a fi ènìyàn sí ló ń pinnu bóyá ibà ọjọ́ mẹ́ta ni yóò ṣe tàbí ti àṣekú, ipò ọ̀hún sì jẹ́ ohun tí ọwọ́ ìjọba tó láti tún ṣe.

Ẹ wo ohun tí ìwádìí ńlá tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lórí ìlera lọ́dún 2018 fi hàn. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún káàkiri orílẹ̀-èdè, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́ ẹ̀rọ. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ àwọn tó lówó jù, mẹ́fà ni wọ́n bá kòkòrò ibà lára wọn. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ àwọn tó tálákà jù, 38 ni. Ní ìgboro, 13. Ní abúlé, 31. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, 2 péré. Ní Kebbi, 52. Kì í ṣe pé ẹ̀fọn kórìíra ọmọ àwọn kan ju tàwọn mìíràn lọ.

Ẹ tún wo àwọn ènìyàn wa tó wà ní Ìlú Ọba. Wọ́n á wá sílé lóṣù Kejìlá wá ṣe ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú, ẹ̀fọn á jẹ wọ́n ní Ìjẹ̀bú tàbí ní Òṣogbo, wọ́n á padà sí London, ibà á sì dá wọn dùbúlẹ̀. Ẹni tó bá ti pẹ́ lẹ́yìn odi, agbára tí ara rẹ̀ fi ń bá ibà jà a máa lọ sílẹ̀, nítorí náà àwọn ló yẹ kó máa kú ju àwa tó wà nílé lọ. Lọ́dún 2023, àwọn tí wọ́n bá ibà lára wọn ní Ìlú Ọba lé ní 2,000, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ àwọn tó wá kí ẹbí ní Áfíríkà. Àwọn tó kú kò pé mẹ́wàá. Kòkòrò ibí yìí náà ni, ara àwọn ọmọ wa náà ni. Àmọ́ ẹni tí ara rẹ̀ bá gbóná ní London yóò rí ẹni yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kíákíá, yóò rí oògùn tó péye gbà, kò sì ní dúró ka owó lọ́wọ́ kó tó wọ ilé ìwòsàn.

Ó yẹ ká kọ́kọ́ mọ irú ẹ̀fọn tí à ń bá jà, nítorí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìjọba ló ń forí sọlẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé inú gọ́tà tó ń rùn ni ẹ̀fọn ibà ti ń wá. Ẹ̀fọn pọ̀ nínú gọ́tà lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ kọ́ ló ń gbé ibà kiri lọ́dọ̀ wa. Èyí tó ń gbé e, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Anopheles, omi tó mọ́ ló fẹ́ràn, omi díẹ̀ tí oòrùn ń ràn sí: ipa táyà lójú ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà, ojú ẹsẹ̀ màlúù lẹ́bàá odò, kòtò omi àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù, ihò tí wọ́n ti wa yẹ̀pẹ̀ tí wọn kò dí padà. Ibẹ̀ ló ń yé sí. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ẹyin ti di ẹ̀fọn tó ń fò. Abo nìkan ló ń mu ẹ̀jẹ̀, òru ló sì ń jáde jù. Bó bá mu ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ibà ń ṣe, kòkòrò yóò lò tó ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá nínú rẹ̀ kó tó lè kó o ran ẹlòmíràn. Ooru ilẹ̀ wa wà lára ohun tó ń jẹ́ kó tètè gbó. Níbi tí òtútù bá ti mú jù, kò lè dàgbà nínú ẹ̀fọn rárá.

Nítorí náà, gbígbálẹ̀ àti kíkó ìdọ̀tí gọ́tà lọ́jọ́ ìmọ́tótó dára, ó ń gbà wá lọ́wọ́ onígbáméjì àti àgbàrá, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni yóò dá ibà dúró. Ìlú lè mọ́ tónítóní kó sì kún fún ẹ̀fọn ibà. Ta ló ń gbẹ́ àwọn kòtò tí ẹ̀fọn yìí fẹ́ràn? Àwa ènìyàn ni. Agbaṣẹ́ṣe tó ń ṣe ọ̀nà á wa yẹ̀pẹ̀ pupa lẹ́bàá abúlé, á rọ ọ́ sójú ọ̀nà, á gba owó rẹ̀, á sì bá tirẹ̀ lọ. Kòtò tó fi sílẹ̀ tóbi ju pápá bọ́ọ̀lù lọ nígbà mìíràn. Òjò á rọ̀ sí i, àwọn ọmọ á máa lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, ẹ̀fọn á máa yé sí etí rẹ̀ níbi tí omi ò ti jìn. Ní agbègbè Ìjẹ̀ṣà, àwọn tó ń wa góòlù láìgba àṣẹ ti gbẹ́ ilẹ̀ àti etí odò jágbajàgba, kò sì sẹ́ni tó ń dí ihò lẹ́yìn wọn. Igbó tí a gé lulẹ̀ náà ń dá kún un: ibi tí ibòòji wà tẹ́lẹ̀ ti di gbangba, oòrùn ń wọ inú omi tí kì í wọ̀ tẹ́lẹ̀, ohun tí ẹ̀fọn yìí sì ń wá gan-an nìyẹn.

Ẹ̀fọn náà kò dúró sójú kan. Àwọn onímọ̀ ti bá ìdin ẹ̀fọn ibà nínú omi tó dọ̀tí ní ìgboro Èkó, ibi tí wọn kò retí rẹ̀ sí. Lọ́dún 2020 wọ́n tún rí ẹ̀yà kan tó ti ilẹ̀ Éṣíà wá, Anopheles stephensi, ní Nàìjíríà. Ẹ̀yà yìí mọ ìlú ńlá gbé. Inú àgbá, táǹkì àti ike tí a fi ń tọ́jú omi ló ń yé sí. Ẹ rántí pé ìdí tí ará ìlú fi ń gbé omi pamọ́ sínú àgbá ni pé omi ẹ̀rọ kì í wá. Bí ẹ̀yà yìí bá gbilẹ̀ dé Ìbàdàn tàbí Èkó, ìlú tí à ń yọ̀ pé ibà ti dín kù níbẹ̀ kò ní rí bẹ́ẹ̀ mọ́, àìsí omi ẹ̀rọ yóò sì ti di ọ̀rọ̀ ibà.

Ọ̀rọ̀ ilé ló kàn. Ibi tí ẹ̀fọn ibà fẹ́ràn jù láti gbà wọlé ni àlàfo tó wà láàárín orí ògiri àti páànù. Nínú ilé tó ní àjà, tí àlàfo yìí sì dí, tí fèrèsé ní nẹ́ẹ̀tì tí kò ya, ẹ̀fọn díẹ̀ ló ń rọ́nà wọlé. Nínú ilé alámọ̀ tí wọ́n kàn gbé páànù lé lórí, inú iyàrá àti ìta kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ lójú ẹ̀fọn. Ní àyíká Farafenni ní Gáḿbíà, àwọn olùwádìí fi nẹ́ẹ̀tì dí ilẹ̀kùn, fèrèsé àti àlàfo òrùlé àwọn ilé kan, wọ́n sì fi àwọn mìíràn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2009 ni pé ẹ̀fọn inú ilé tí wọ́n dí dín kù tó ìlàjì, àwọn ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ wọn gbẹ sì dín kù gidigidi. Wọn ò fún ọmọ kankan ní oògùn tuntun o. Káfíńtà ló ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ìjọba ń pín nẹ́ẹ̀tì olóògùn, ó sì ń gba ẹ̀mí là; a kò ní kí wọ́n má pín in mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo inú iyàrá kan ní àárín Ìbàdàn lóṣù Kẹta, nígbà tí ooru mú, tí iná ti lọ láti ìrọ̀lẹ́. Bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́rin ló wà níbẹ̀, nẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni wọ́n so. Ọmọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ń làágùn bí ẹni tí òjò pa, ó ń sunkún, bàbá ní kí wọ́n ká nẹ́ẹ̀tì náà sókè kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti gbé ẹní lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní tiwọn. Bí òṣìṣẹ́ ìlera bá dé lọ́jọ́ kejì, yóò kọ ọ́ sínú ìwé pé ìdílé yìí ní nẹ́ẹ̀tì, wọn kì í lò ó. Ẹni tó bá ní fáànù àti jẹnẹrétọ̀ lè fi ẹnu sọ pé àìmọ̀kan ló fà á. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Iná mànàmáná wà lára ohun tí a fi ń dènà ibà, ó sì yẹ kí a máa kà á mọ́ ọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dun ìwé ìròyìn yìí jù ni ọ̀nà tí ọmọ ń gbà kú. Ẹ jẹ́ ká mú abúlé olóko kan ní Ìbàràpá, irú èyí tó pọ̀ láàárín Igbó-Ọrà àti Èrúwà. Ọmọ tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọmọ kan pàtó. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn níbẹ̀ ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé ni ara rẹ̀ gbóná. Ìyá fi aṣọ inú omi nù ún lára. Nílé yẹn, oòrùn tí ọmọ fi ṣeré ní ọ̀sán ni wọ́n rò pé ó fà á, nítorí láti ayébáyé ni àwọn ènìyàn wa ti gbà pé oòrùn àti iṣẹ́ àṣejù ń dá ibà síni lára. Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó se àgbo: ewé dóńgóyárò, èèpo ahùn, èèpo àwọ̀pa. Ọmọ mu ún, ara rẹ̀ rọ̀ díẹ̀ ní ọ̀sán, ó jẹ ẹ̀kọ, ìyá lọ sí ọjà. Bí ibà ṣe ń ṣe nìyẹn, ó ń lọ ó ń bọ̀, ìlọ rẹ̀ ló sì ń tan ìyá jẹ.

Lálẹ́, ó tún gbóná. Ìyá lọ bá oníkẹ́míìsì tó wà lẹ́nu ọ̀nà abúlé. Ẹni yìí kò bi í pé ọmọ náà ti pé ọdún mélòó, kò wọ̀n ọ́n, kò sì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ohun tó bi í ni pé èló ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí owó bá ti rí ni oògùn ń rí. Ó já pàrásítámọ̀ díẹ̀, ó fi fítámì pupa sí i, ó fi ìlàjì chloroquine kún un, ó dì í sínú ọ̀rá kékeré, ó ní kó máa lò ó láàárọ̀ àti lálẹ́. Láti ọdún 2005 ni Nàìjíríà ti fi òté lé chloroquine pé kò kápá ibà wa mọ́, pé àpapọ̀ oògùn tó ní ẹ̀yà artemisinin nínú ni kí a máa lò. Èyí tó péye wà lórí pẹpẹ kẹ́míìsì yẹn kan náà, inú páálí rẹ̀. Owó rẹ̀ ló ju ti ìyá lọ, pàápàá láti ọdún 2023 tí náírà ti já wálẹ̀ tí owó oògùn sì gbéra.

Òru Ọjọ́rú ni gìrì mú ọmọ náà. Ojú rẹ̀ yí, eyín rẹ̀ pàdé. Ìyá àgbà sáré gbé ìgò tó wà lábẹ́ ibùsùn: ìtọ̀ màlúù tí wọ́n ti fi ewé tábà, áyù àti àlùbọ́sà rẹ sínú rẹ̀. Wọ́n fi ṣíbí la ẹnu rẹ̀, wọ́n dà á sí i lọ́fun. Láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn ní Ìbàdàn ti ń kìlọ̀ nípa àpòpọ̀ yìí. Ibà líle fúnra rẹ̀ ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀. Ìtọ̀ màlúù yìí tún ń fà á wálẹ̀ sí i, ó sì ń dí ọmọ lọ́wọ́ láti mí. Ìfẹ́ ló sún ìyá àgbà ṣe é. Kò sí ohun mìíràn tó wà nílé lóru náà tí wọ́n lè fi ṣe nǹkan kan, ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn.

Ilé ìlera alábọ́dé tó sún mọ́ wọn jù ti tìpa láti agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ kò gbé abúlé, nítorí ilé tí wọ́n kọ́ fún un ti jò, kò sì sí iná. Ọlọ́kadà kò fẹ́ gba ọ̀nà yẹn lóru. Ilẹ̀ mọ́ kí wọ́n tó gbéra, àgbàrá sì ti gé ọ̀nà, wọ́n ní láti yí gba ibòmíràn. Nígbà tí wọ́n dé ilé ìwòsàn ńlá, àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà ti funfun. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ni yóò gbà, kíákíá. Ẹ̀jẹ̀ kò sí nínú fíríìjì. Wọ́n ní kí bàbá lọ wá ẹni tí yóò fún un lẹ́jẹ̀, kó sì kọ́kọ́ san owó ìbẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó ṣí fáìlì. Bàbá wà lẹ́nu wíwá owó nígbà tí ọmọ dákẹ́.

Wọ́n gbé e padà, wọ́n sin ín sẹ́yìn ilé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Èyí tó dé ilé ìwòsàn kó tó kú nìyí. Ọ̀pọ̀ ló ń kú sílé, tí kò sí ìwé kan tí orúkọ wọn wọ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí iye tí à ń kà lókè yìí fi jẹ́ ìṣirò àwọn onímọ̀, tí kì í ṣe ohun tí a kà ní ení èjì.

Ẹ wá sọ fún wa ibi tí ìyá yìí ti ṣàìbìkítà. Ní gbogbo ìgbésẹ̀ tó gbé, ohun tí ọwọ́ rẹ̀ tó ló ṣe. Oògùn tí ì bá gba ọmọ náà là kò ṣòro rí lágbàáyé. Abẹ́rẹ́ artesunate wà. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà mẹ́sàn-án, tí Ìlọrin wà lára ibùdó rẹ̀, fi hàn lọ́dún 2010 pé nínú àwọn ọmọ tí ibà líle ń ṣe, ikú àwọn tó gba abẹ́rẹ́ yìí fi ohun tó ju ìdá kan nínú márùn-ún dín sí ti àwọn tó gba kúìníìnì. Èyí tí wọ́n ń kì bọ ọmọ ní ìdí tún wà, tí òṣìṣẹ́ ìlera abúlé lè lò kí wọ́n tó gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá wà lábúlé yẹn ní òru Ọjọ́rú, tí ẹni tó mọ̀ ọ́n lò sì wà nítòsí, ìròyìn tí à ń kọ yìí ì bá yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ pé ètò ló ń gba ẹ̀mí là kì í ṣe tuntun nílẹ̀ yìí. Lọ́dún 1841 tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta gòkè odò Ọya, Samuel Àjàyí Crowther wà nínú wọn. Láàárín oṣù díẹ̀, ibà ti pa bí ogójì nínú àwọn òyìnbó tó wà nínú ọkọ̀. Lọ́dún 1854, William Baikie tún gbé ọkọ̀ Pleiad gba odò kan náà, Crowther tún bá wọn lọ. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n ń fún àwọn òyìnbó inú ọkọ̀ ní kúìníìnì lójoojúmọ́, ibà dé tàbí kò dé. Kò sí ẹyọ ẹnìkan nínú wọn tó kú. Odò kò yí padà láàárín ọdún mẹ́tàlá, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀fọn.

Ní Èkó, William MacGregor, tó jẹ́ dókítà kó tó di gómìnà ní 1899, gbógun ti ibà lọ́nà tó yẹ kí a rántí. Ó ní kí wọ́n dí irà, kí wọ́n la odò lílà kan láàárín Èkó àti Ìkòyí kí omi lè máa ṣàn, ó sì ń pín kúìníìnì fún ará ìlú. Àwọn kan nígbà náà fẹ́ kí wọ́n kọ́ àdúgbò àwọn òyìnbó sọ́tọ̀ kí ẹ̀fọn tó jẹ àwọn aláwọ̀ dúdú má bàa dé ọ̀dọ̀ wọn. MacGregor kọ̀ ọ́, ó ní ìlú kan ni, kí gbogbo rẹ̀ jọ rí ìtọ́jú. Ó yẹ ká fi èyí wé ohun tí à ń ṣe lónìí, tí ẹni tó bá rí já jẹ á mọ odi yí ẹ̀sìteètì ká, á fi nẹ́ẹ̀tì sí fèrèsé, á fín oògùn sí àyíká rẹ̀, tí ìjọba sì fi àwọn tó wà lẹ́yìn odi sílẹ̀ sínú omi.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé oògùn ẹ̀fọn ni kí a fín káàkiri. Wọ́n ti dán ìyẹn wò. Láti 1969 sí 1976, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti ìjọba Nàìjíríà fín oògùn sínú ilé ní Garki, ìyẹn ní ìpínlẹ̀ Kánò ìgbà náà, wọ́n sì ń fún gbogbo ará abúlé kan ní oògùn ibà. Ẹ̀fọn dín kù, ibà dín kù, ṣùgbọ́n kò tán. Nígbà tí wọ́n ṣíwọ́, ó padà. Ní ìdàkejì, àwọn ilẹ̀ abàtà Kent àti Essex ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ibà tiwọn nígbà kan rí. Fífa omi irà kúrò, ilé tó sàn jù àti oúnjẹ tó sàn jù wà lára ohun tó lé e lọ, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ti lọ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ẹ̀fọn ló ń gbé e. Ní Áfíríkà tiwa, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ní oṣù Kìíní 2024 pé Cabo Verde ti bọ́ lọ́wọ́ ibà, ó sì kéde Íjíbítì ní oṣù Kẹwàá ọdún náà.

Ìlérí kò wọ́n wa. Ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin ọdún 2000, àwọn olórí Áfíríkà pàdé ní Àbújá, wọ́n ní àwọn yóò dín ikú ibà kù sí ìlàjì kó tó di 2010. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, wọ́n tún pàdé níbẹ̀, wọ́n ní náírà 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìnáwó ìjọba ni yóò máa lọ sí ìlera. Nàìjíríà tó gbà wọ́n lálejò kò tíì san iye yẹn rí. Ohun tó lé ní ìlàjì owó tí à ń ná lórí ìlera lórílẹ̀-èdè yìí, àpò aláìsàn ló ti ń jáde. Ní oṣù Kìíní 2025, Amẹ́ríkà dá ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ dúró lójijì, ìyẹn owó tí wọ́n fi ń ra nẹ́ẹ̀tì àti oògùn ibà fún àwọn ìpínlẹ̀ kan, tí Ọ̀yọ́ wà lára wọn. A dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ràn wá lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ìbò tí wọ́n dì ní ilẹ̀ òkèèrè lè pinnu bóyá ọmọ Ìsẹ́yìn yóò rí oògùn lò.

Àjẹsára ti dé báyìí. NAFDAC fọwọ́ sí èyí tí wọ́n ń pè ní R21 ní oṣù Kẹrin 2023. Kebbi àti Bayelsa ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀ ní ìparí ọdún 2024. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ọmọ yóò gbà á. Ó dára púpọ̀, a sì ń rọ àwọn gómìnà wa kí wọ́n béèrè ìgbà tí yóò kan ìpínlẹ̀ wọn. Àmọ́ ìyá tí ọ̀nà kò jẹ́ kó dé ilé ìlera pẹ̀lú ọmọ tí gìrì mú, ṣé yóò rí ọ̀nà gbé ọmọ tí ara rẹ̀ dá lọ síbẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin? Àjẹsára láìsí ọ̀nà yóò tún bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí ibà kì í sábà pa ni.

Ohun tí à ń béèrè ṣeé ṣe. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn gbogbo agbaṣẹ́ṣe pé kò ní gba owó ìkẹyìn àfi bó bá dí kòtò yẹ̀pẹ̀ tó gbẹ́, kí àwọn baálẹ̀ sì fọwọ́ sí i pé lóòótọ́ ló dí i. Kí òfin ilé kíkọ́ sọ pé àlàfo òrùlé gbọ́dọ̀ dí, kí ìjọba sì fi ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ àti ilé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Fún àwọn ilé alámọ̀ tó wà nílẹ̀, owó nẹ́ẹ̀tì òrùlé àti iṣẹ́ káfíńtà kò tó owó ọkọ̀ bọ̀gìnì kan tí à ń rà fún alága kánsù.

Kí ilé ìlera alábọ́dé kan ó kéré tán ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ṣí tọ̀sán tòru, kí nọ́ọ̀sì rẹ̀ gbé ibẹ̀ nínú ilé tí kò jò, kí abẹ́rẹ́ artesunate, ohun tí a fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò àti ṣúgà wà níbẹ̀ nígbà gbogbo. Dókítà Olíkóyè Ransome-Kuti fi ìpìlẹ̀ irú ètò yìí lélẹ̀ nígbà tó jẹ́ mínísítà láti 1985 sí 1992. Òfin ìlera ti ọdún 2014 sì ya owó sọ́tọ̀ fún un. Kí ìtọ́jú ibà fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún àti aboyún jẹ́ ọ̀fẹ́ pátápátá, kí ó sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin kí ilé ìwòsàn ìjọba béèrè owó ìbẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń kú lọ. Àwọn oníkẹ́míìsì náà kò ṣeé lé kúrò lójú ọ̀nà, nítorí àwọn ló sún mọ́ ará abúlé jù. Kí ìjọba kọ́ wọn, kó fún wọn ní ohun tí wọn yóò fi máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kó dín owó oògùn tó péye kù lọ́wọ́ wọn, kó sì fòfin mú ẹni tó bá tún ń di àdàlù oògùn sínú ọ̀rá.

Àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ ti pẹ́ tí wọ́n ń sọ pé owó kò dé ọwọ́ àwọn. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dájọ́ pé kí owó wọn máa lọ sọ́dọ̀ wọn tààrà. Ọ̀nà abúlé, ilé ìlera alábọ́dé àti omi, abẹ́ wọn ni gbogbo rẹ̀ wà. Ohun àkọ́kọ́ tí a fẹ́ kí wọ́n ṣe kò gba owó ńlá: kí kánsù kọ̀ọ̀kan rán ènìyàn lọ bá àwọn baálẹ̀, àwọn ìyálọ́jà, àwọn ìmáàmù àti àwọn pásítọ̀ lóṣooṣù, kí wọ́n ka àwọn ọmọ tó kú sílé, ọjọ́ orí wọn, ohun tó ṣe wọ́n, àti bí ọ̀nà ṣe jìn tó láti ilé wọn sí ibi tí wọn ì bá ti rí abẹ́rẹ́ gbà. Kí wọ́n lẹ ìwé náà mọ́ ẹnu ọ̀nà kánsù kí gbogbo ènìyàn lè kà á. Àwa yóò máa béèrè fún un lọ́wọ́ wọn, a ó sì máa tẹ̀ ẹ́ jáde.